Akọ̀wé Kan, Èrò Púpọ̀: Bí Server Ṣe Ń Dá Ọ̀pọ̀ Oníbàárà Lóhùn Lẹ́ẹ̀kan Náà

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan, ṣùgbọ́n ó kan gbogbo òbí ní Ọ̀fà tí ọmọ rẹ̀ ti jókòó ṣe ìdánwò JAMB rí. Láti ọdún 2015 ni àjọ náà ti pa ìdánwò orí bébà tì, tí wọ́n gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì sì ni ọmọ fi ń dáhùn rẹ̀. Gbọ̀ngàn tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò bá tó 250 kì í rí àṣẹ gbà. Kọ̀ǹpútà tí ọmọ jókòó tì kò dá iṣẹ́ náà ṣe: òmíràn wà tí ó ń fún gbogbo wọn ní ìbéèrè, tí ó sì ń gba ìdáhùn lọ́wọ́ wọn. Òun ni a ń pè ní server, àwọn yòókù sì ni oníbàárà rẹ̀. Báwo wá ni ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣe ń dá igba ó lé àádọ́ta lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà, láìṣi ìdáhùn ẹnìkan gbé fún ẹlòmíràn?

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí ibùdókọ̀ ojú irin Ọ̀fà ní ayé ìgbà tí èrò ń kún ibẹ̀. Akọ̀wé kan ṣoṣo ni ó wà lójú fèrèsé tí ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyá kan dé iwájú rẹ̀, ó ní Kánò ni òun ń lọ, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú etí aṣọ níbi tí ó di owó sí. Akọ̀wé dúró, gbogbo ẹni tí ó tò sẹ́yìn ìyá náà dúró. Kì í ṣe pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́rùn akọ̀wé. Ńṣe ni ó káwọ́ gbera tí ó ń wo ìdì owó. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni server tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ́kọ́ kọ ṣe rí: a gba oníbàárà kan, a tẹ́tí sí i, a dá a lóhùn, kí a tó kan èkejì. Ìretí ni ó ń jẹ àkókò rẹ̀, nítorí ọwọ́ kọ̀ǹpútà yá fíìfíì ju ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọgbọ́n kan ni kí a gba akọ̀wé tuntun fún èrò kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù ní yàrá àti ìwé tirẹ̀. Lórí ẹ̀rọ Unix, àṣẹ tí a ń pè ní fork ni ó ń ṣe èyí: server yóò bí ẹ̀dà ara rẹ̀ fún oníbàárà tí ó dé, òun yóò sì padà sẹ́nu ọ̀nà. Bí ọmọ kan bá ṣubú, àwọn yòókù kò ní í mọ̀. Ṣùgbọ́n yàrá púpọ̀ ń jẹ ilẹ̀. Nítorí náà, àwọn mìíràn kó akọ̀wé púpọ̀ sínú yàrá kan, kí wọ́n jọ lo ìwé kan náà. Thread ni orúkọ irú akọ̀wé bẹ́ẹ̀, èyí tí í ṣe fọ́nrán òwú.

Ọgbọ́n kẹta padà sí akọ̀wé kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n akọ̀wé yìí kì í retí ẹnikẹ́ni: “Ìyá, ẹ máa tú owó yín. Ta ni owó rẹ̀ ti wà lọ́wọ́?” Àṣẹ select, tí ó jáde nínú Unix ti Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley ní 1983, ni ó la ọ̀nà yìí. Nígbà tí ó di 1999, Dan Kegel, onímọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, bèèrè bí server kan yóò ṣe gba oníbàárà 10,000 lẹ́ẹ̀kan náà, ìbéèrè yẹn sì wà lára ohun tí ó sọ ọgbọ́n kẹta di ohun tí àwọn server ńlá ayé ń lò. Lójú tiwa, ọmọ 250 kò tó ohun tí a ń torí rẹ̀ du ọgbọ́n. Thread tó wọn. Ibi tí ìṣòro wà ni ìwé àjùmọ̀lò.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìjókòó kan ṣoṣo ni ó kù nínú ọkọ̀. Akọ̀wé kìn-ín-ní wo ìwé, ó rí i. Kí ó tó fa ìlà sí i, akọ̀wé kejì náà ti wò ó, ó rí ohun kan náà. Àwọn méjèèjì tà á. Kò sí ẹni tí ó ṣèké nínú wọn. Àárín kíkà àti kíkọ ni ìbàjẹ́ gbà wọlé. Oògùn rẹ̀ ni àgádágodo: ẹni tí yóò bá ka ìwé kí ó sì kọ sí i gbọ́dọ̀ mú kọ́kọ́rọ́, kí ó má sì fi í sílẹ̀ títí yóò fi kọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n bí àgádágodo bá di méjì, tí akọ̀wé kan mú èkíní tí ó ń retí èkejì, tí ẹnìkejì rẹ̀ mú èkejì tí ó ń retí èkíní, ilẹ̀ yóò ṣú bá àwọn méjèèjì lórí ìdúró.

Nínú ètò ìdánwò, irú àṣìṣe yìí lè wáyé bí ẹni tí ó kọ ètò bá ya àpótí kan ṣoṣo sọ́tọ̀ fún orúkọ ọmọ tí server ń dá lóhùn lọ́wọ́. Adé tẹ ìdáhùn. Orúkọ Adé bọ́ sínú àpótí. Kí server tó fi ìdáhùn náà pamọ́, ti Bọ́lá dé, orúkọ Bọ́lá rọ́pò ti Adé. Ìdáhùn Adé sì di ti Bọ́lá. Bí olùkọ́ bá dá jókòó tì í láti dán an wò, kò ní í rí àbùkù kankan. Ọjọ́ tí ọmọ 250 bá ń tẹ ìdáhùn lẹ́ẹ̀kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀, wọn kò sì ní í mọ̀, nítorí ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà wọn kò yí padà.

Ẹnìkan lè bi wá pé: bí iná bá lọ ńkọ́? Ọ̀dọ̀ server ni kí aago ìdánwò wà, kí ó sì máa fi ìdáhùn pamọ́ ní kété tí ó bá dé, kí ọmọ tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kú lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí ó dúró sí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2025 yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí, ṣùgbọ́n ó bá a tan. Àjọ JAMB ṣe àyípadà sí bí server ṣe ń da ìbéèrè àti àṣàyàn ìdáhùn rú fún olúkúlùkù ọmọ, àti bí ó ṣe ń yẹ ìdáhùn wò. Àtúnṣe náà wọ inú àwọn server apá kan. Kò wọ inú àwọn tí ó ń bójú tó Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún Gúúsù Ìlà-Oòrùn. Gbọ̀ngàn 157 nínú 887 ni ó kàn, ọmọ 379,997 sì ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, omijé bọ́ lójú Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, olórí àjọ náà nígbà náà, níwájú àwọn oníròyìn, wọ́n sì pe àwọn ọmọ náà padà láti tún ìdánwò ṣe.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní ètò kíkọ ní Federal Polytechnic Ọ̀fà àti ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì yòókù, ẹ má ṣe fi máàkì fún server tí ọmọ yín kọ nítorí pé ó dá ẹ̀yin nìkan lóhùn. Ẹ kọ ètò kékeré tí yóò ṣe bí ọmọ 250, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn máa fi ìdáhùn tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ránṣẹ́ léraléra, kí àwọn mìíràn sì já kúrò lójú wáyà láìdágbére. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí àkọsílẹ̀ server, kí ẹ wò ó bóyá ìdáhùn tí ọmọ kẹtàdínlógún fi ránṣẹ́ ni ó wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀.