Ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ àti Òfin tí ó De Ẹ̀yà Ìbọn àti Ohun Àsomọ́ Rẹ̀

1. Ìfáàrà

Ìlàrè jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Ilé-Ifẹ̀. Bí ọdẹ kan níbẹ̀, tí kò ní ìwé àṣẹ, bá tú ìbọn rẹ̀, tí ó fi irin rẹ̀ sí igun ilé, tí ó sì fi ìdí rẹ̀ sí àjà, ǹjẹ́ ìbọn ni ọlọ́pàá bá lọ́wọ́ rẹ̀, àbí irin àti igi lásán? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Òfin Ìdigunjalè àti Ìbọn tí ìjọba ológun ṣe ní 1984 fi owó ìtanràn ₦20,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì, ṣe ìjìyà ẹni tí ó ní ìbọn láìgba àṣẹ. Ẹ̀wẹ̀, ìlú tí ó rí ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ láàárín 1997 sí 2000 mọ ìdí tí a fi ń ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀.

2. Ohun tí òfin wí

Òfin Ìbọn ti 1959 pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí a kà léèwọ̀, èyí tí ènìyàn lè gba àṣẹ láti ní, àti ṣakabùlà pẹ̀lú irú rẹ̀. Ó fi kún un pé ẹ̀yà tí a fi to ìbọn pọ̀ náà ń jẹ́ ìbọn. Òfin 1984 tẹ̀ lé e: ìbọn ni, ìbáà wà lódindi, ìbáà sì jẹ́ pé a ti tú u. Nípa bẹ́ẹ̀, títú tí ọdẹ yẹn tú ìbọn kò lè gbà á lọ́wọ́ òfin. Ṣùgbọ́n ti awò ìfojúsùn ńkọ́, tí a so mọ́ ìbọn, tí a sì lè yìnbọn láìlò ó? Adájọ́ ni yóò sọ bóyá ẹ̀yà ìbọn ni.

3. Agbára adájọ́ àti ààlà rẹ̀

Ní 1961, nínú ẹjọ́ Aoko àti Fagbemi, Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìwọ̀-Oòrùn fagi lé ẹ̀bi panṣágà tí kóòtù ìbílẹ̀ dá obìnrin kan, nítorí kò sí òfin kíkọ tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀. Ìpín 36(12) nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1999 pa ìlànà yìí mọ́. Ìpín 287 sì mú kí ìdájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ de gbogbo kóòtù yòókù. Bí ilé-ẹjọ́ náà bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ náà di òfin fún ọdẹ àti ọlọ́pàá jákèjádò orílẹ̀-èdè.

4. Àpẹẹrẹ láti Amẹ́ríkà

Lẹ́yìn ìpànìyàn Las Vegas ní 2017, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso ìbọn kéde ní 2018 pé ìdí ìbọn tí ń mì síwá sẹ́yìn, tí ó ń mú ìbọn yìn léraléra, sọ ìbọn di arọ̀jò-ọta. Ní 14 Okúdù 2024, nínú ẹjọ́ Garland àti Cargill, adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án fagi lé ìkéde náà: ọ̀rọ̀ tí àwọn aṣòfin kọ ní 1934 kò gbà á. Adájọ́ Alito sọ pé àwọn aṣòfin lè tún òfin náà ṣe. Ní 26 Ẹrẹ́nà 2025, nínú ẹjọ́ Bondi àti VanDerStok, adájọ́ méje gbe ìlànà 2022 lórí àwọn ẹ̀yà ìbọn tí a ń tà fún títò nílé, nítorí òfin 1968 gbà á.

5. Ìkádìí

Ìdájọ́ méjèèjì kò takora. Adájọ́ kì í béèrè bóyá ohun kan léwu nìkan. Ó ń béèrè bóyá ọ̀rọ̀ òfin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí kò bá dé ibẹ̀, iṣẹ́ aṣòfin ló kù. Ẹni tí yóò lo ọdún 10 lẹ́wọ̀n yẹ kí ó ti rí èèwọ̀ náà nínú ìwé kí ó tó rú u.