Ọkọ̀ Tí Kò Fẹ́ Ṣíná Láàárọ̀: Ẹ Kọ́kọ́ Gbọ́ Ohùn Rẹ̀



Àwọn tó ń kó tòmátì, gàrí àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ sí Kútọnù mọ ìyọnu yìí. Ẹrù ti wà nínú ọkọ̀, ilẹ̀ ti mọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò dáhùn. Oòrùn ń ràn, tòmátì ń rọ̀. Ẹnìkan á ní, “Bátìrì ti kú.” A ó sáré fi owó ọjà ra òmíràn. Nígbà mìíràn, bátìrì kò jẹ̀bi rárá.

Kí ni ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ kí ó tó jí? Ẹ́ńjìnnì tó ń lo pẹtiróòlù ń fẹ́ nǹkan mẹ́ta: agbára tí yóò yí i, epo mímọ́ tó dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, àti iná kékeré tí púlọ́ọ̀gì ń ṣá. Láyé àtijọ́, ọwọ́ ni awakọ̀ fi ń yí ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú irin. Ní ọdún 1912, ilé iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí ta ọkọ̀ tí iná mànàmáná ń yí. Ẹ̀rọ tó ń ṣe é là ń pè ní sítátà. Bátìrì ló ń fún un ní agbára.

Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì fetí sílẹ̀.

Ohùn kìíní: ọkọ̀ dákẹ́, tàbí ó kàn ń dún “kẹ́-kẹ́-kẹ́”. Ẹ tan iná iwájú ọkọ̀. Bí iná náà bá ṣú, tàbí tó kú nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, agbára kò dé ibi tó yẹ. Ẹ wo bátìrì àti orí okùn rẹ̀. Bí iná bá mọ́lẹ̀ dáadáa tí kò sì yí padà, ó ṣeé ṣe kí sítátà tàbí okùn rẹ̀ ní àrùn.

Ohùn kejì: ẹ́ńjìnnì ń yí, ṣùgbọ́n ó ń fà bí ẹni tó rẹ̀. Bátìrì ti rẹ̀, tàbí ìpẹtà ti mú orí rẹ̀.

Ohùn kẹta: ẹ́ńjìnnì ń yí kíákíá, ṣùgbọ́n kò gbaná. Ẹ má ra bátìrì! Ẹ wá àìsàn náà sínú epo tàbí púlọ́ọ̀gì.

Ẹ wo Fidjrossè, ní etí òkun ní Kútọnù. Atẹ́gùn òkun ń gbé iyọ̀ wá, iyọ̀ náà sì ń mú irin dípẹtà. Ọkọ̀ tó ń sùn níbẹ̀ lè tètè ní ìyẹ̀fun funfun tàbí àwọ̀ ewé lórí bátìrì. Ìyẹ̀fun yìí ń dí ọ̀nà iná mànàmáná. Bátìrì lè le koko, kí ọkọ̀ má sì ṣíná.

Báwo ni a ṣe ń tọ́jú rẹ̀? Ẹ̀yin tó ti mọ̀ọ́kà, ẹ wo àmì méjì tó wà lórí bátìrì: + àti –. Ẹ pa ọkọ̀. Ẹ kọ́kọ́ tú okùn –, lẹ́yìn náà okùn +. Ẹ da omi gbígbóná díẹ̀ sí i, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì irin ha á. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ kọ́kọ́ dá okùn + padà, kí ẹ tó dá okùn – padà. Ẹ dè é kí ó le. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹ̀fun náà kan ojú.

Bí ọkọ̀ bá tún kọ̀, ẹ ní kí mẹkáníìkì wọn bátìrì. Èyí tó kún, tó sì ti sinmi, máa ń ní nǹkan bí 12.6 fólítì. Bí kò bá pé 12, kò lágbára mọ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ó tó nǹkan bí 14. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, dínámò kò bọ́ bátìrì dáadáa. Bátìrì tuntun náà á kú.

Ọ̀rọ̀ epo ńkọ́? Kpayo, epo inú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, lè ní omi nínú. Ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí ẹ gbé e kalẹ̀. Omi wúwo ju epo lọ, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kí iná àti sìgá jìnnà o! Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná jó ibi tí wọ́n ń kó epo sí ní Sèmè-Kraké. Ó lé ní 30 ènìyàn tó kú.

Ní ìkẹyìn, ẹ má tẹ sítátà ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi. Ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí sókè létí awakọ̀ yín kí ẹ tó tú owó jáde.

Ó dìgbà mìíràn.