Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Fẹ́ràn Aṣọ

Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀jọ̀gbọ́n bá fẹ́ sọ àsọyé rẹ̀ ní gbangba ní yunifásítì nílé, kì í ṣe ìwé nìkan ni wọ́n ń tò sílẹ̀. Ẹbí á ti pín aṣọ, télọ̀ á ti gba owó, àwọn ìyàwó ilé á ti wé gèlè tó dúró ṣánṣán. Kò sí ẹni tí yóò rí ọ̀jọ̀gbọ́n náà nínú sányán kó ní ọpọlọ rẹ̀ ti dín. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ẹni tó múra wá síwájú wa ti bọ̀wọ̀ fún wa kó tó lanu.

Ẹni tó bá ti ibẹ̀ lọ sí yunifásítì Amẹ́ríkà, pàápàá ẹ̀ka lítíréṣọ̀ tàbí filọ́sọ́fì, lè bá òfin mìíràn pàdé tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Bí ó bá ti hàn lára rẹ pé o ronú nípa aṣọ rẹ, àwọn kan á máa fura pé iwájú dígí lo ti lo àkókò ìwé.

Ẹ wo ọ̀ràn Elaine Showalter, tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n lítíréṣọ̀ ní yunifásítì Princeton. Ìwé rẹ̀ A Literature of Their Own, tó jáde ní 1977, wà lára àwọn tó mú kí àwọn onímọ̀ gbà pé àwọn òǹkọ̀wé obìnrin ní ìtàn tiwọn. Ní oṣù Kejìlá 1997, nígbà tó kù díẹ̀ kó di ààrẹ Modern Language Association, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀, ó kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn oge Vogue. Ó ní òun fẹ́ràn aṣọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan bá a wí kíkankíkan. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ogún ọdún iṣẹ́ kò lè gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ ojú ìwé mélòó kan.

Ní ìlú Princeton yìí kan náà ni Albert Einstein ti ń rìn kiri láìwọ ìbọ̀sẹ̀, tí irun rẹ̀ rí jákujàku. Wọ́n ní àmì ọpọlọ pípé ni. Ká ní obìnrin ló ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ì bá ní kò mọ ara tọ́jú. Àìbìkítà náà aṣọ ni, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ara ló gbà á. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ Yúróòpù ti ya ọpọlọ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹran ara. Wọ́n ka aṣọ mọ́ ẹran ara, wọ́n sì ka ẹran ara mọ́ obìnrin.

Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, olùkọ́ tó kàwé ní Ìlú Ọba, kò ya ọpọlọ sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ. Nígbà tó bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀ tó ń ró ìró, tó ń wọ bùbá bíi ti àwọn ìyálọ́jà Abẹ́òkúta, èrò ọkàn rẹ̀ ló gbé wọ̀.

Àmọ́ ní yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, Valerie Steele, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ nígbà náà, sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n kan pé "fashion", ìyẹn ìtàn aṣọ àti oge, lòun ń ṣèwádìí. Bàbá náà ṣì í gbọ́ sí "fascism", ó rò pé ìṣèlú Mussolini àti Hitler ni, ó bi í bóyá ti Ítálì ni tàbí ti Jámánì. Nígbà tó yé e, ó kẹ̀yìn sí i, ó lọ. Steele kò yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ní 1997 ó dá jọ́nà ìmọ̀ Fashion Theory sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kíkọ̀wé nípa aṣọ yàtọ̀ sí wíwọ̀ ọ́ lọ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọmọbìnrin tó ń wá iṣẹ́ olùkọ́ ṣì ń dúró síwájú àpótí aṣọ, ó ń ṣírò ohun tí bàtà pupa yóò sọ fún ìgbìmọ̀. Ọkùnrin tí wọ́n jọ ń du ipò náà ti gbé jákẹ́ẹ̀tì àná wọ̀, ó ti ń ka àkọsílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.