Kí Ẹ Tó Gba Ọ́pdéètì: Ohun tí Kọ́míìkì Mi Kọ́ Mi

Àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà ya kọ́míìkì lédè Yorùbá ni ọ̀rọ̀ mi òní kàn jù.

Kọ́míìkì olójú ewé 12 ni mo ń yà fún iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ìtàn ìyá oníṣòwò kan ni, tí dánfó gbé ẹrù rẹ̀ sá lọ ní Ojú Ẹlẹ́gbà. Ìyá náà ń kígbe pé, "Ọkọ̀ mi dà?" Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni sọ́fítíwíà mi béèrè bóyá kí òun gba ọ́pdéètì. Iná wà, dátà wà, mo ní kó máa gbà á. Nígbà tí mo ṣí fáìlì mi, àwọn àmì ohùn kan ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, àwọn mìíràn ti di àpótí òfìfo. Ọ̀rẹ́ mi kà á, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé ọkọ ni màmá yìí ń wá ni?"

Kí ló fà á? Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Kọ̀ǹpútà ní láti to nǹkan méjì pọ̀: lẹ́tà, lẹ́yìn náà àmì ohùn. Fọ́ǹtì ló ń sọ ibi tí àmì yóò jókòó, sọ́fítíwíà ló ń gbé e síbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kùnà, àmì á ṣubú. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kọ́míìkì ni wọn ò sì ṣe pẹ̀lú èdè wa lọ́kàn.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń ran oníbàárà lọ́wọ́ pé: "Ọ́pdéètì yín ti ba iṣẹ́ mi jẹ́." Ìbéèrè ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Inú bí mi, àmọ́ èmi ni mo jẹ̀bi. Bí ẹ bá dúró lábẹ́ bíríìjì Ojú Ẹlẹ́gbà, tí ẹ sọ fún kọ̀ńdọ́ pé "Ilé ni mò ń lọ," ibo ni yóò gbé yín lọ? Yábàá ni àbí Ìtirè? Ohun tó yẹ kí n kọ nìyí: nọ́ńbà ẹ̀yà sọ́fítíwíà, irú kọ̀ǹpútà, orúkọ fọ́ǹtì, ohun tí mo ṣe kí àṣìṣe tó yọ, àti àwòrán ohun tí mo rí.

Nígbà tí mo kọ wọ́n, ìdáhùn dé. Fọ́ǹtì mi kò ní àmì ohùn rárá. Ẹ̀yà àtijọ́ máa ń yá a lọ́wọ́ fọ́ǹtì mìíràn, ẹ̀yà tuntun kò yá a mọ́. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí Andika tí SIL ṣe, ọ̀fẹ́ ni. Gentium àti Noto Sans náà ń gbé àmì Yorùbá dáadáa. Òru méjì ni mo fi tún gbogbo ojú ewé ṣe.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà nínú ọ́pdéètì. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá san owó lẹ́ẹ̀kan fún Clip Studio Paint ti ilé-iṣẹ́ Celsys ní Japan, ọ̀fẹ́ ló ń gba ọ́pdéètì ẹ̀yà 1. Ní August 2022, wọ́n kéde pé èyí yóò yí padà. Nígbà tí ẹ̀yà 2.0 jáde ní March 2023, ẹni tó bá fẹ́ ẹ ní láti sanwó sí i. Ti àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn irinṣẹ́ tuntun kò sí nínú rẹ̀. Krita ní tirẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni ló sì lè fi àṣìṣe rẹ̀ tó wọn létí.

N kò ní kí ẹ má gba ọ́pdéètì o, nítorí ó ń tún àṣìṣe ṣe. Ẹ má kàn gbà á láàárín iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀dà fáìlì yín síbòmíràn, torí fáìlì tí ẹ̀yà tuntun bá tọ́jú lè má ṣí nínú ti àtijọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ "ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀" sójú ewé kan, kí ẹ wò ó bóyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé.

Bí wọn ò bá pé, ẹ kọ̀wé sí wọn. Àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà lókè òkun kò lè mọ̀ pé àmì wa ṣubú bí àwa tí a ń kọ èdè náà kò bá sọ.