Ẹ yẹ áńtíbọ́dì yín wò kẹ́ ẹ tó gbà á gbọ́

Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ ní Tẹ́júoṣó á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á gbé e síta kó lè rí àwọ̀ rẹ̀ dáadáa, kó tó wá ná an. Àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣèwádìí ọpọlọ ní Ìdí-Àràbà tàbí Yaba lè ra ìgò áńtíbọ́dì kan ní 300 sí 500 dọ́là, ohun tó wà nínú rẹ̀ ò sì ní kún ṣíbí tíì. Òkè òkun ló ti ń bọ̀, inú yìnyín ni wọ́n ń gbé e sí. Tó bá dé tán, ìnáwó jẹnẹrétọ̀ tún bẹ̀rẹ̀, torí fíríìjì ò gbọdọ̀ gbóná. Kí ló wá fi dá a lójú pé ojúlówó ni? Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà ni.

Lára sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, àwọn purotéènì kan wà tí wọ́n ń pè ní risẹ́ptọ̀. Wọ́n dà bí ihò kọ́kọ́rọ́ tí kẹ́míkà bíi dopamine ń wọ̀. Haloperidol tí àwọn dókítà ọpọlọ ń lò ní Nàìjíríà, risẹ́ptọ̀ dopamine ló ń dí, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ lábù nìkan. Ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí risẹ́ptọ̀ wà á da áńtíbọ́dì sórí ọpọlọ eku. Ibi tó bá lẹ̀ mọ́ á yọ àwọ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé risẹ́ptọ̀ kì í pọ̀, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Áńtíbọ́dì lè lẹ̀ mọ́ nǹkan míì, kí fọ́tò rẹ̀ sì rẹwà gan-an.

Báwo la ṣe ń mú un? Wọ́n á wá eku tí wọ́n ti yọ jíìnì risẹ́ptọ̀ yẹn kúrò lára rẹ̀. Kò yẹ kí àwọ̀ yọ níbẹ̀ rárá. Ní 2009, Jensen, Swigart àti Simpson fi irú eku bẹ́ẹ̀ dán áńtíbọ́dì 10 wò, èyí tí wọ́n ń tà fún risẹ́ptọ̀ alpha-1 tí adrenaline ń bá ṣiṣẹ́. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló kùnà. Ẹyọ kan ò yè é! Ní 2023, ẹgbẹ́ YCharOS tó wà ní Yunifásítì McGill ní Kánádà sọ èsì àyẹ̀wò áńtíbọ́dì 614 fún purotéènì 65 tó jẹ mọ́ ọpọlọ. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú wọn ò dáa tó, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti lò wọ́n nínú àpilẹ̀kọ tó ti jáde. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tà wọ́n kó àwọn kan kúrò lórí igbá. Ta ló máa dá owó padà fún ẹni tó ti rà á?

Lábù ńlá ní Amẹ́ríkà lè da ìgò kan nù, kó ra òmíràn lọ́la. Ẹni tó fi owó èsúsú ìyá rẹ̀ ra tiẹ̀ ńkọ́? Ní tèmi, ọ̀dọ̀ ẹ̀yin supafáísọ̀ ló yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń yọ áńtíbọ́dì àkọ́kọ́ kúrò, tí àwọ̀ ò bá yọ, wọ́n á ní àwọn ti ṣàyẹ̀wò. Áńtíbọ́dì kejì nìkan nìyẹn dán wò o. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn.

Lóòótọ́, eku tí wọ́n yọ jíìnì kúrò lára rẹ̀ ò sí káàkiri ní Èkó. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni èsì YCharOS lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lè bi ẹni tó ń tà á pé kó fi èsì eku bẹ́ẹ̀ hàn yín, ẹ sì lè dáwó jọ, kí lábù mẹ́ta pín ìgò kan tí wọ́n ti yẹ̀ wò. Nọ́ńbà kátálọ́ọ̀gì ìgò náà gbọ́dọ̀ wà nínú iṣẹ́ yín. Ẹni tó sì fẹ́ sanwó lọ́sẹ̀ yìí, kó kọ́kọ́ fi nọ́ńbà yẹn wá a lórí fóònù.