Kékeré Labẹ́rẹ́: Bí Wọ́n Ṣe Pilẹ̀ Ọpọlọ Inú Fóònù Wa

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ẹni tí yóò bá ṣe ọpọlọ tuntun fún kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ní òbítíbitì owó àti ọ̀wọ́ àwọn onímọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọdún 1983 sí 1985, fi hàn gbangba pé ọgbọ́n ju agbára lọ, nítorí Sophie Wilson àti Steve Furber, àwọn méjì péré, ni ó ṣe olórí iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà Acorn fi pilẹ̀ ọpọlọ tí wọ́n pè ní ARM.

Wọ́n ti rí i kà nínú ìwádìí Yunifásítì Berkeley pé ọpọlọ tí a fún ní àṣẹ díẹ̀ tí kò lọ́jú pọ̀ a máa yára ju èyí tí a di àṣẹ dídíjú rù lọ. Wilson ni ó ṣa àwọn àṣẹ náà jọ. Furber ni ó ya ètò inú rẹ̀, tí ó pín iṣẹ́ sí ipele mẹ́ta, kí ọ̀kan máa mú àṣẹ wá, kí èkejì máa túmọ̀ rẹ̀, kí ẹ̀kẹta máa ṣe é, gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin tí ń ṣe gàrí, tí ọ̀kan ń bó gbágùúdá, tí èkejì ń rin ín, tí ẹ̀kẹta ń yan án, tí ọwọ́ ẹnìkan kò sì dilẹ̀.

Igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó: nítorí pé àṣìṣe tí ó bá wọnú ṣíípù kò ṣeé pa rẹ́, wọ́n kọ́kọ́ fi èdè kọ̀ǹpútà BASIC kọ àwòṣe rẹ̀, wọ́n sì dán an wò dáadáa kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí àwọn tí yóò rọ ọ́ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó dé ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1985, ọjọ́ náà gan-an ni ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí Furber fẹ́ wọn iná tí ó ń jẹ, òdo ni ẹ̀rọ ìwọniná fi hàn: okùn iná rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì so mọ́ ọn, ìwọ̀nba iná tí ń jò wọlé láti ara àwọn okùn mìíràn ni ó ń lò!

Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹ̀yà tíntìntín tí à ń pè ní tiransísítọ̀, bí 25,000, ni ó wà nínú ARM àkọ́kọ́, nígbà tí ọpọlọ 386 tí ilé-iṣẹ́ Intel gbé jáde lọ́dún kan náà ní 275,000. Kí ó má bàa gbóná ju ohun tí ike olówó pọ́ọ́kú lè gbà mọ́ra ni wọ́n ṣe fẹ́ kí iná rẹ̀ má tó wáàtì kan. Àní ìdámẹ́wàá rẹ̀ ni ó wá ń jẹ. Ìṣọ́wóná yìí ni ó di ọrọ̀ nígbà tí fóònù alágbèéká dé, nítorí pé bátìrì kò lè gbọ́ bùkátà ọpọlọ oníjẹkújẹ; lónìí, ìran ARM ni ó wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú fóònù ayé, títí kan èyí tí a fi ń pera wa láti Èkó dé London.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ tí ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà má ṣe fi àìtó owó ṣe àwáwí. Kí ó kọ́kọ́ wádìí ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ kò nílò, kí ó sì ní ìgboyà láti yọ ọ́ kúrò.