Tẹlifíṣọ̀n Wo Ni Ká Fi Ẹ̀yáwó Rà?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìdó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ yáwó ra tẹlifíṣọ̀n sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù, tí wọ́n ti ń ta géèmù, ọ̀rọ̀ wa rèé.

OLED dára, a ò jiyàn. Ẹyọ tíntín kọ̀ọ̀kan tó wà lójú rẹ̀ ló ń tan iná tirẹ̀, ó sì lè pa á pátápátá. Ìdí nìyẹn tí dúdú rẹ̀ fi ń dúdú bíi kóró iṣin. Àwòrán rẹ̀ kì í sì í falẹ̀ nínú géèmù. Ti LCD, ẹ̀yìn ni iná rẹ̀ wà, díẹ̀ a máa yọ, dúdú á wá rí bí eérú.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o! Àmì ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n àti iye góòlù kì í kúrò lójú kan láti àárọ̀ dalẹ́. Lójú OLED, ibẹ̀ lè gbó ju ibi yòókù lọ, kí àpá rẹ̀ má sì lọ mọ́, ohun yòówù kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ̀yáwó ò tíì tán lọ́rùn, onídùúró ń wojú yín! LCD ò ní wàhálà yẹn tó bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ sì máa ń kéré sí i.

LCD ni kẹ́ ẹ rà sí ṣọ́ọ̀bù. OLED, ẹ fi owó ara yín rà á sí pálọ̀.